Ta ló ń béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ọmọ tó ń ra sìgá?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ló bí mi tí mo fi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítòsí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan tó ṣì wọ aṣọ ilé-ìwé na owó sí obìnrin kan nínú ìsọ̀, ó sì gba sìgá ẹyọ kan. Wọ́n fi okùn so láítà mọ́ ara ìsọ̀ náà kí oníbàárà má baà mú un lọ. Ọmọ yìí fà á, ó tan sìgá, ó ń fín èéfín lọ. Mo bá ìyá náà wí, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Bí mi ò bá tà á fún un, ìsọ̀ kejì á tà á fún un."

Òfin wà o! Òfin tábà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Ó tún ní kí wọ́n má tà á lẹ́yọ lẹ́yọ mọ́, odidi páálí ẹlẹ́yọ 20 ni. Ẹ rìn láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Challenge, kí ẹ fi ìsọ̀ kan tó ń pa òfin náà mọ́ hàn mí. Àwọn tó yẹ kó mú òfin yìí ṣẹ ti sùn lọ.

Kò sẹ́ni tó ń béèrè ọjọ́ orí! Ẹni tó bá fẹ́ ra síìmù, àfi kó mú NIN rẹ̀ wá, kó tún tẹ̀ka. Ọjọ́ ìbí wà nínú àkọsílẹ̀ NIN yẹn. Kí ló dé tí wọn ò lè béèrè rẹ̀ nídìí sìgá, ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró? Títà lẹ́yọ yìí ló sì burú jù, torí owó oúnjẹ ọ̀sán ọmọ ilé-ìwé ká ẹyọ kan, kò ká páálí.

Mi ò ní kí wọ́n kó ọlọ́pàá dà sígboro, torí rìbá ni ìyẹn máa dà. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún ìjọba ìbílẹ̀ ni kí wọ́n lò. Kò sí ìsọ̀ tí wọn ò mọ̀, wọ́n mọ ẹni tó ń ta sìgá àti ẹni tí kò tà á. Bí wọ́n bá ti ń gba owó, kí wọ́n máa wo ohun tó wà lórí tábìlì. Ẹni tó bá tú páálí sílẹ̀, kí wọ́n kìlọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún ṣe é, kí wọ́n kó sìgá rẹ̀, kó sì san owó ìtanràn. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìsọ̀ tó ń ta sìgá, ní Yorùbá gbàgàdà, pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá jọ ti ọmọdé gbọ́dọ̀ fi NIN hàn kó tó rà á.

Kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé náà máa yẹ àpò àwọn ọmọ wò.

Alága ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn. Kí wọ́n fi àwọn ìsọ̀ ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀, kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn