Omi kànga tó mọ́ lójú

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní omi kànga tó bá ti mọ́ lójú ò léwu, mi ò lè dákẹ́, torí ọdún 24 ni mo fi yẹ omi wò ní lábò l'Ájàṣẹ́ níbí.

Nitrate, irú iyọ̀ kan tó máa ń yọ́ sínú omi, ò láwọ̀, kò lóòórùn. Látinú ṣaláńgá ló ti máa ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ kànga, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún, ètè ẹ̀ lè dà bí ẹni tó tọ́ aró wò. Mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ni àjọ ìlera àgbáyé ní kó má kọjá, ojú wo lèèyàn fẹ́ fi rí ìyẹn nínú garawa?

Nígbà tá a ń fọwọ́ wọn nitrate inú omi, tá a bá fi rí ogún kànga yẹ̀ wò lójúmọ́, ó ti rẹ̀ wá tẹnutẹnu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ tó ń fi omi ṣíṣàn ṣe é, ẹnu yà mí: pọ́ǹpù kékeré ń yí, oògùn tó ń yí àwọ̀ omi padà ń ṣàn láìdúró nínú rọ́bà tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀, wọ́n wá fi omi kànga sí i, kò ju ẹ̀kán mẹ́rin lọ, ó gba inú kádímíọ̀mù kọjá, ìyẹn irin tó ń yí nitrate padà sí ohun tí oògùn yẹn lè fi àwọ̀ hàn, bó ṣe pàdé oògùn ló pọ́n bí omi ìṣápá, mo ń wo pupa yẹn bó ṣe ń rìn lọ síwájú iná tó ń wọn àwọ̀, kò tó ìṣẹ́jú kan nọ́ńbà ti jáde.

Kì í ṣe nǹkan àná o. Lọ́dún 1957 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Leonard Skeggs, gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ jáde ní Cleveland l'Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ló ń yẹ̀ wò, ó ń fi afẹ́fẹ́ pín omi inú rọ́bà ní abala abala kí ti ẹnì kan má bàa dà mọ́ ti ẹlòmíì. Nígbà tó di 1975, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Ruzicka àti Hansen ní Denmark, yọ afẹ́fẹ́ yẹn kúrò, wọ́n ní kò pọn dandan kí àwọ̀ jáde tán, bí àkókò bá ṣáà ti dọ́gba fún gbogbo omi tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà.

Ohun tó ń dùn mí ni pé irú ẹ̀rọ yẹn kan jókòó lásán fọ́dún méjì nítorí rọ́bà pọ́ǹpù tó gé. Ẹ bá wa sọ fáwọn tó ń rà á kí wọ́n ra rọ́bà mọ́ ọn, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wa ní àtúnṣe ẹ̀, ká lè yẹ kànga Àjàṣẹ́ wò títí dé Kétu àti Sábẹ̀ẹ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ilé mi, ìgbésẹ̀ mọ́kànlá péré ló wà láàárín kànga mi àti ṣaláńgá aládùúgbò.