Ọkọ̀ tó ń ran awakọ̀ lọ́wọ́ àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ẹ̀yin Olóòtú,

Mo kí yín o. Ẹ kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé bí ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ̀ iwájú bá ti pọ̀ lójú pópó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ parí nìyẹn. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Láìpẹ́ yìí mo kó ogún akẹ́kọ̀ọ́ sórí pápá, mo ní kí wọ́n máa rìn yípo nínú agbo, kí kálukú máa wo ẹ̀yìn ẹni iwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá wọn dúró. Ẹnì kan kàn dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹni tó tẹ̀lé e dẹ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí apá kan agbo fi dúró gbagidi. Àwọn ọmọ ń lọ síwájú, ìdúró náà ń lọ sẹ́yìn! Ẹ̀rín pa wọ́n. Irú ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jàpáànì fi ọkọ̀ 22 ṣe lójú ọ̀nà roboto tí àyíká rẹ̀ jẹ́ mítà 230, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2008.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìṣirò bi ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí ti iwájú bá dín eré kù díẹ̀, ṣé tìrẹ á dín jù bẹ́ẹ̀ lọ, àbí kò ní tó bẹ́ẹ̀? Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, dídín eré kù náà á máa wú bí ìgbì omi láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ oríṣi méje wò nínú àwọn ọkọ̀ tó ń fúnra wọn tẹ̀lé ti iwájú, tó wà lọ́jà nígbà náà. Gbogbo wọn ló ń mú ìgbì náà wú. Bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Arizona níbẹ̀, ọkọ̀ kan péré tí wọ́n dìídì kọ́ bí á ṣe máa fara balẹ̀ ló pa ìgbì náà láàárín ọkọ̀ tó lé ní ogún.

Ẹ̀rọ lè ṣe é, ká má purọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó ni ọ̀rọ̀ wà, kò sì rọrùn. Bí ọkọ̀ kan bá ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 tẹ̀lé èkejì, 1,800 péré ló lè kọjá lójú ìlà kan ní wákàtí kan. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, ọ̀pọ̀ á kọjá, ṣùgbọ́n ìgbì á tètè wú. Bí wọ́n bá jìnnà síra, ẹlòmíì á já wọ àárín (gbogbo wa la mọ irú awakọ̀ bẹ́ẹ̀).

Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí akọ̀ròyìn yín bá tún pàdé àwọn tó ń ta ọkọ̀ wọ̀nyí, kó bi wọ́n léèrè ohun tí ọkọ̀ kẹwàá ń ṣe nígbà tí àkọ́kọ́ bá tẹ bíréèkì.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìṣirò kan