Ìdá 90 nínú 100 ni wọ́n fi wó àdúgbò, ìdajì ni wọ́n fẹ́ fi tún un ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi èyí kún ìròyìn yín lórí àwọn ọ̀nà márosẹ̀ tó la àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú já ní Amẹ́ríkà. Lábẹ́ òfin ọdún 1956 lórí ọ̀nà márosẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ló ń san 90 nínú gbogbo 100 dọ́là tí wọ́n fi ń la ọ̀nà. Ìpínlẹ̀ ń fi 10 péré kún un. Àwọn ìpínlẹ̀ wá ń la ọ̀nà gba ibi tí ilẹ̀ kò ti wọ́n. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ibẹ̀ burú o, àwọn báǹkì ni kì í yá àwọn ará ibẹ̀ lówó. Ní ìlú St. Paul, ọ̀nà márosẹ̀ I-94 gba àárín Rondo, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, kọjá, ó sì lé ìdílé tó ju 600 kúrò nílé. Ní New Orleans, wọ́n gé igi óákù Claiborne Avenue lulẹ̀ ní 1966 kí wọ́n tó gbé afárá ọ̀nà márosẹ̀ I-10 síbẹ̀.

Ẹ wá wo ìṣirò àtúnṣe. Òfin 2021 ya bílíọ̀nù 1 dọ́là sọ́tọ̀ fún ọdún 5 láti tún àwọn àdúgbò tí ọ̀nà là já so pọ̀. Bí ó bá di iṣẹ́ kíkọ́ gan-an, owó náà kò gbọdọ̀ ju ìdajì iye iṣẹ́ lọ. Bí ìlú bá tilẹ̀ rí owó ìjọba àpapọ̀ mìíràn fi kún un, àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá 80 nínú 100. Òfin 2022 ló sàn jù: ó mú owó tó lé ní bílíọ̀nù 3 dọ́là wá fún irú iṣẹ́ yìí, àdúgbò tí ìyà ti jẹ sì lè gba gbogbo 100 nínú 100. Ṣùgbọ́n ìkéde kọ́ ni owó. Ó ku àyẹ̀wò àyíká, ó ku ìwé àdéhùn tí ìlú àti ìjọba àpapọ̀ yóò tọwọ́ bọ̀. Lẹ́yìn náà, ìlú á kọ́kọ́ ná owó tirẹ̀ kí wọ́n tó san án padà. Ní oṣù keje 2025, òfin tuntun gba èyí tí kò tíì ní àdéhùn nínú owó òfin 2022 padà. Ìlú tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀ tó láti tètè parí ìwé ni irú èyí ń dùn jù.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń ká wa lára jù lọ. Bí wọ́n bá wó afárá ọ̀nà, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á yọ, ti ìpínlẹ̀ sì ni. Òfin ní kí wọ́n tà á ní iye ọjà, àyàfi bí ìjọba àpapọ̀ bá yọ̀ǹda nítorí ànfààní ará ìlú. Bí kò bá sí ẹni tó béèrè ìyọ̀ǹda náà, olówó ni yóò rà á, owó ilé á gbówó lórí, àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n lé lẹ́ẹ̀kan yóò tún kó jáde. Ní Syracuse, níbi tí afárá ọ̀nà márosẹ̀ I-81 ti ń kúrò lórí 15th Ward, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ báyìí. A fẹ́ kí ìpínlẹ̀ kọ ìwé béèrè ìyọ̀ǹda yẹn, kí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé ẹgbẹ́ ará àdúgbò lọ́wọ́, kí katakátá tó dé ibi iṣẹ́. Kí ìpínlẹ̀ sì tún yá àwọn ìlú kéékèèké lówó tí wọn yóò kọ́kọ́ ná.

Àwa òǹkàwé yín ní Amẹ́ríkà