Ẹ̀sùn Kẹrin Lórí Iṣẹ́ Jíìnì Tí Mo Sanwó Rẹ̀

Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá ń lọ níbẹ̀. Lẹ́tà kẹrin mi rèé lórí jíìnì àwọn kòkòrò inú irú tí mo sanwó fún yín láti kà. Nọ́ńbà iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ yín, n kò ní tún un kà mọ́.

Iṣẹ́ lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó ń dùn mí ni arábìnrin tó gbé fóònù yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo kí i, gúgúrú ló ń rún sí mi létí. Mo sọ fún un pé jíìnì 16S rRNA, èyí tí a fi ń dá kòkòrò kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn, tó yẹ kó tó nǹkan bí 1,500 lẹ́tà DNA, 430 péré ni ẹ kà fún mi. Ó pòṣé. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkìtì, nítorí kòkòrò inú irú lẹ ṣe ń pariwo báyìí? Ṣebí Bacillus ni gbogbo wọn." Ló bá pa fóònù.

Ẹ bá mi sọ fún un pé torí pé Bacillus, ọ̀wọ́ kòkòrò kan náà, ni gbogbo wọn ni mo ṣe sanwó. Bacillus subtilis àti Bacillus velezensis, méjì nínú ọ̀wọ́ náà, 16S wọn jọra ju 99% lọ. Ẹni tó bá fi ìyẹn nìkan ya igi ìdílé wọn, aṣọ ẹbí ló fi ń dá ọmọ ìyá mọ̀ lóde ìnáwó. Ìdí nìyẹn tí mo fi sanwó jíìnì mìíràn tó ń jẹ́ gyrB mọ́ ọn, níbi tí ìyàtọ̀ wọn ti ń hàn dáadáa.

gyrB dà? Lákọ̀ọ́kọ́, "ó di ọ̀la." Lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá rìnrìn àjò. Ìgbà tó yá, ẹ ní ẹrù mi ò tiẹ̀ dé rárá! Èmi tí mo wà ní gáréèjì láago márùn-ún ìdájí, tí mo to ike 12 sáàárín yìnyín, tí òṣìṣẹ́ yín sì fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Ohun tí kò dé, inú kí lẹ ti rí lẹ́tà 430 kà?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀bẹ̀ ìkẹyìn rèé. Ẹ ka 16S náà láti orí méjèèjì títí wọn yóò fi pàdé, ẹ fi gyrB kún un, kí ẹ sì fi fáìlì tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yà ránṣẹ́, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan jókòó tẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó mi padà kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Bí ọjọ́ Ẹtì bá kọjá, lọ́yà ni yóò kọ lẹ́tà karùn-ún.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí ọ̀rọ̀ yín ti sú