Chevrolet inú àwòrán Havana yẹn kì í ṣe ti 1957

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú mi dùn sí ohun tí ẹ kọ nípa àwọn Lùkùmí, ìyẹn àwọn ìran Yorùbá ìlú Havana ní Cuba, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣe àtúnṣe kan sí àkọlé àwòrán takisí pupa tí ẹ fi síbẹ̀. "Bel Air 1957" lẹ pè é, ìyẹn ọkọ̀ Chevrolet tó jẹ́ àwòṣe 1957. Ti 1955 ni. Ẹ wo gírììlì rẹ̀, irin iwájú tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ọkọ̀: ó kéré, ojú rẹ̀ rí wínníwínní bí asẹ́, kò sì gùn dé abẹ́ iná iwájú. Ní 1956 ni Chevrolet fà á gbọọrọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ti 1957 wà láàárín bọ́ńpà, ọ̀pá kan sì dábùú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbà rọ epo sí i tún ń jẹ́rìí. Ti 1955 ní ìlẹ̀kùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì lẹ́yìn. Ti 1956 fara pamọ́ sẹ́yìn iná ẹ̀yìn apá òsì. Ti 1957 wà nínú irin dídán etí lẹbẹ ẹ̀yìn apá òsì, tó yọ bíi lẹbẹ ẹja, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á yí ọkọ̀ po títí ni.

Òótọ́ ni pé ìyá kan ló bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Íǹṣì 115 ló wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn wọn. Harley Earl ni ọ̀gá àwọn ayàwòrán ọkọ̀ ní General Motors, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé ògo gbogbo iṣẹ́ náà fún un, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ Clare MacKichan ní ẹ̀ka Chevrolet ló yà á. Ed Cole ló ṣáájú àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì V8 (oní-sílíńdà mẹ́jọ) tuntun, tí wọ́n ń pè ní 265 nítorí ìwọ̀n inú rẹ̀ ní íǹṣì kúbíìkì, tó ní agbára ẹṣin 162, tàbí 180 bí wọ́n bá fi kabúrétọ̀ onílé mẹ́rin àti sàlẹ́ńsà méjì sí i. Ọdún yẹn náà ni bátìrì kúrò ní fóltì 6, tó di 12. Àbùkù kan wà níbẹ̀: wọn kò ṣe àyè fún àsẹ́ ọ́ìlì sínú ẹ́ńjìnnì 265 ti 1955. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń sanwó kún un, ìta ni wọ́n sì ń so ó mọ́. Ẹni tó bá ra èyí tí kò ní in, kó yára máa pa ọ́ìlì dà. Wọ́n tún un ṣe ní 1956.

Ọdún 1957 tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pe gbogbo wọn yìí ńkọ́? Ara tuntun ni ilé-iṣẹ́ náà ń múra rẹ̀ fún un, kò tètè parí, wọ́n sún un di 1958. Wọ́n wá tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́: lẹbẹ ẹ̀yìn yọ ṣóńṣó, bọ́nẹ́ẹ̀tì wálẹ̀, ihò atẹ́gùn kúrò níwájú gíláàsì lọ sókè iná iwájú, ríìmù íǹṣì 15 di 14 kí ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀. Ford àti Plymouth gbé ara tuntun jáde lọ́dún náà, Ford sì ṣe ọkọ̀ ju Chevrolet lọ fún àwòṣe 1957. Ẹ̀yìn tí Bel Air náà ti di àlòkù ni òkìkí tó ní lónìí dé. Lójú tèmi, ti 1955 ló lẹ́wà jù. Ti 1957 ti ki àṣejù bọ ọ̀ṣọ́.

Òkìkí yẹn ló bí màgòmágó. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n tà: One-Fifty, Two-Ten, Bel Air. Páńẹ́ẹ̀lì alumíníọ̀mù ẹ̀gbẹ́, àwọ̀n gírììlì aláwọ̀ wúrà àti ilà wúrà mẹ́ta ara fẹ́ńdà tó jẹ́ ti Bel Air, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tuntun tà báyìí. Two-Ten lè di Bel Air láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ńbà tó wà lórí páálí irin ara òpó ilẹ̀kùn iwájú apá òsì ni kí ẹ kà: VC57 ni Bel Air oní-V8, C57 ni ti sílíńdà mẹ́fà, VB57 ni Two-Ten oní-V8. Wẹ́dà ni wọ́n fi lẹ páálí irin náà mọ́ ọn; bí ẹ bá rí nọ́ọ̀tì tàbí ìṣó lára rẹ̀, ẹ bèèrè ìdí.

Ìpẹtà tún wà. Ẹrẹ̀ tí táyà ń ta sókè máa ń jókòó sórí iná iwájú nínú fẹ́ńdà, omi ò ní kúrò níbẹ̀, irin á jẹ láti inú kí ojú ìta tó mọ̀. Ẹ tún wo ilẹ̀ bọ́ọ̀tù àti abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ fi aṣọ wé òòfà, kí ẹ fi wọ́ ara ọkọ̀. Ibi tí kò bá ti mú, ẹ̀pọ̀ tí àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe ń pè ní filler ni wọ́n fi dí i.

Ní Cuba, ẹ́ńjìnnì kò lè jẹ́rìí. Láti oṣù kẹwàá 1960 tí Amẹ́ríkà ti dá ọjà dúró, tí ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò wọlé láti ibẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti fi sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní almendrón. V kékeré tó yẹ kó wà lábẹ́ iná ẹ̀yìn ni ìbá sọ fún wa bóyá V8 ni wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́, àmọ́ iwájú nìkan ni àwòrán yín fi hàn.

Òǹkàwé yín