Ijó Gíríìkì kì í ṣe sirtaki nìkan o, ẹ̀yin olóòtú

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá.

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa àwọn alẹ́ oúnjẹ àti ijó ìbílẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún àlejò ní Plaka, àdúgbò àtijọ́ tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Acropolis ní Áténì, mo sì gbádùn ẹ̀ gan-an torí èmi náà ti jókòó sí irú ibẹ̀ rí, wọ́n ti bu wáìnì fún mi, wọ́n sì ti fi tipátipá fà mí dìde lórí àga pé kí n wá jó. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ ọ́n kọ, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ní sirtaki tí wọ́n fi ń kádìí ètò náà jẹ́ ijó tí wọ́n ti ń jó látayé Plato, háà, ibẹ̀ ni mo ti gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí tábìlì.

Sirtaki ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀ rárá. 1964 ni wọ́n ṣe é, fíìmù ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Giorgos Provias ló to ẹsẹ̀ ijó náà, Mikis Theodorakis ló kọ orin ẹ̀, orin tó máa ń bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, tó wá ń yára díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ ò fi ní lè bá a mọ́. Theodorakis yìí, 2021 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lẹ́ni ọdún 96, ìyẹn ni pé ẹni tó kọ orin tí ẹ pè ní àtayébáyé yẹn ṣì wà láyé nígbà tí kòrónà dé. Hasapiko ni wọ́n rí mú lò, ijó àwọn alápatà ìlú Constantinople (Istanbul òde òní) nígbà láéláé, wọ́n gbé èyí tó lọ́ra síwájú, wọ́n gbé èyí tó yá tẹ̀lé e, wọ́n so méjèèjì pọ̀. Ó wá di pé gbogbo ayé mọ ọmọ ju ìyá tó bí i lọ.

Kí n tó tẹ̀síwájú, mi ò sí lára àwọn tó máa ń ní irọ́ ni gbogbo ṣóò yẹn, pé owó túrísìtì nìkan ni wọ́n ń wá. Owó ni wọ́n ń wá lóòótọ́, ta ni ò wá owó? Ṣùgbọ́n ọmọ Gíríìkì ló kọ orin yẹn, inú ijó wọn ni wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ ẹ̀, kò sí ohun tó burú kí ijó jẹ́ ọmọdé. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí sirtaki bá ti gba gbogbo ẹnu báyìí, àwọn ijó tí wọ́n jó ṣáájú ẹ̀ lórí ìtàgé kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà kì í lórúkọ mọ́, àwọn oníròyìn á kàn ní "wọ́n jó oríṣiríṣi ijó ìbílẹ̀" wọ́n á sì kọjá lọ, nígbà tó jẹ́ pé àwọn yẹn gan-an lèèyàn bá lọ.

Ẹ mú kalamatianos. Wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á máa yí lọ sápá ọ̀tún, ẹni tó wà níwájú á máa ju aṣọ ìnujú lọ́wọ́, ẹsẹ̀ 12 ni, ó dà bí ohun tó rọrùn lójú títí o fi máa gbìyànjú ẹ̀, torí méje ni ìlù náà, tó o bá ń kà á nínú ara ẹ á máa jẹ́ ọ̀kan-méjì-mẹ́ta, ọ̀kan-méjì, ọ̀kan-méjì, ẹni tí etí ẹ̀ ti mọ́ mẹ́rin-mẹ́rin á máa tẹ ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ ṣáá ni. Ìlú Kalamata ló jẹ́ orúkọ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n gbogbo Gíríìsì ló ń jó o, kò síbi ìgbéyàwó tí wọn ò ti ń lù ú.

Tsamiko ní tiẹ̀, ijó àgbà ni mo máa ń pè é. Ó lọ́ra, mẹ́ta ni ìlù ẹ̀, ọkùnrin ló ni ín tẹ́lẹ̀ kó tó di pé obìnrin náà ń jó o. Ẹni kejì lórí ìlà á na aṣọ ìnujú sí ẹni àkọ́kọ́, ẹni àkọ́kọ́ á dì í mú, á tẹ̀ sẹ́yìn títí orí ẹ̀ fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, á fò sókè, á fi ọwọ́ gbá gìgísẹ̀ ẹ̀ lójú òfuurufú. Gbogbo agbára ẹni tó ń fò yẹn, ọwọ́ ẹni kejì ló wà, tí ìyẹn bá fi lè yọwọ́ báyìí ó parí! Ẹni kejì yìí lèmi máa ń wò, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, kì í rẹ́rìn-ín, ó kàn dúró gbọn-in. Aṣọ tí wọ́n sì máa ń wọ̀ jó o ni foustanella, síkẹ́ẹ̀tì funfun oníṣẹ́po-ṣẹ́po bẹ́ẹ̀ tí àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ iwájú ilé aṣòfin ní Áténì náà ń wọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé 400 ni ìṣẹ́po ara ẹ̀, fún 400 ọdún tí àwọn Tọ́kì fi jọba lé wọn lórí. Bàtà tsarouchia ló bá a rìn, tó ní òwú dúdú ràgàjì níwájú.

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ tèmi pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ṣóò náà rèé o, mi ò sì rí i kẹ́ ẹ kọ ọ́: bouzouki, ohun èlò olókùn tó jọ gìtá, ni wọ́n fi ń lu gbogbo ẹ̀! Tsamiko, bouzouki. Kalamatianos, bouzouki. Pentozali tí wọ́n gbé wá láti Crete, bouzouki náà ni. Bẹ́ẹ̀ ní Crete, lyra ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, gòjé kékeré olókùn mẹ́ta tí wọ́n máa ń gbé sórí orúnkún fi ọrun ta, tí laouto tó jọ gìtá á máa gbè é lẹ́sẹ̀. Ní Epirus lápá òkè níbi tí òkè pọ̀ sí, clarinet ni, àwọn tó ń fọn ún níbẹ̀ máa ń fọn ún débi pé wàá rò pé ẹnì kan ló ń sunkún nínú ẹ̀. Ní àwọn erékùṣù, fáolíìnì. Àwọn ará Pontus tí wọ́n kó kúrò létí Òkun Dúdú nígbà tí Gíríìsì àti Tọ́kì ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn èèyàn wọn ní 1923, lyra tiwọn tún yàtọ̀ sí ti Crete, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, orí ìdúró ni wọ́n sì lè máa ta á. Tí wọ́n bá wá fi bouzouki kan ṣoṣo pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù lu gbogbo èyí ní wákàtí méjì, ó dà bí ẹni fi ọbẹ̀ kan jẹ gbogbo òkèlè. Mo mọ̀ pé owó olórin kì í ṣe kékeré, mi ò ní kí wọ́n kó ogún olórin wá, clarinet kan ṣoṣo lásán tó wọlé fún tsamiko ti tó, mo ti rí ibì kan tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ara gbogbo wa ló bù máṣọ.

Bouzouki náà ní ilé tiẹ̀, rebetiko ni. Lẹ́yìn wàhálà 1922, tí Tọ́kì ṣẹ́gun Gíríìsì lójú ogun, nígbà tí àwọn tó sá kúrò ní Smyrna (Izmir òde òní) àti káàkiri Éṣíà Kékeré, ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, rọ́ wọ Áténì àti èbúté Piraeus láìní nǹkan kan lọ́wọ́, àwọn àti àwọn mẹ̀kúnnù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni orin yìí gbilẹ̀ láàárín wọn, orin ìfẹ́, orin ẹ̀wọ̀n, orin igbó, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, òótọ́ ni. Markos Vamvakaris tó wá láti erékùṣù Syros ni ọ̀kan lára àwọn àgbà ẹ̀. Nígbà tí Metaxas, ọ̀gágun apàṣẹwàá, gba ìjọba ní 1936 ó ní kí wọ́n máa yẹ ọ̀rọ̀ orin wò kí wọ́n tó ká a sílẹ̀, ọ̀pọ̀ orin ni wọ́n fòfin dè. Orin tí ìjọba ń lé kiri yẹn náà ni UNESCO wá fi sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2017, ayé ń yí o jàre.

Inú rebetiko yìí la ti rí zeibekiko, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ mú bíírò gan-an nìyí. Ẹni kan ṣoṣo ló ń jó o. Mẹ́sàn-án ni ìlù ẹ̀, kò ní ẹsẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀, ẹni náà á na apá méjèèjì, á máa wo ilẹ̀, á máa yí po ojú kan bíi pé ó ń wá nǹkan tó sọ nù. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á kúnlẹ̀ yí i ká, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún un, wọn ò ní dìde. Láyé ìgbà kan, tí o bá sanwó kí wọ́n lu orin fún ẹ, tìẹ ni ilẹ̀ yẹn títí orin fi máa parí, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1973, ní ilé fàájì kan ní Áténì, ọlọ́pàá mẹ́ta ló kú sí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nítorí irú orin bẹ́ẹ̀.

Ní ibi tí mo wà, ṣóò ti parí, àwọn oníjó ti ń bọ́ aṣọ, ni bàbá kan tó ń gbé oúnjẹ láti ìrọ̀lẹ́ bá dìde, ó ní kí wọ́n lu zeibekiko kan fún òun. Háà, ijó! Bàbá tó ti gbé àwo títí tó ti rẹ̀ ẹ́. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, túrísìtì kan fò wọlé pẹ̀lú fóònù, ó dúró ti bàbá, ó nawọ́ bíi tiẹ̀, ó ń ya ara ẹ̀ ní fídíò. Bàbá ò bínú, ó kàn rẹ ọwọ́ sílẹ̀ ó sì padà sídìí àwo. Túrísìtì yẹn ò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Èmi ò dá a lẹ́bi púpọ̀, ta ló sọ fún un? Gbogbo alẹ́ ni wọ́n fi ń kígbe "ópa!" tí wọ́n ń ní kí gbogbo èèyàn bọ́ sójú agbo, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé èyí ò rí bẹ́ẹ̀? Iṣẹ́ ìwé ìròyìn nìyẹn, ẹ̀yin olóòtú.

Ọ̀rọ̀ àwo fífọ́ tí ẹ yà fọ́tò ẹ̀, ìyẹn náà ní ìtàn. Ìjọba ológun ti fòfin dè é ní 1969. Òdòdó ni wọ́n sábà máa ń jù báyìí, tàbí kí wọ́n da bébà ìnuwọ́ sójú afẹ́fẹ́, tí wọ́n bá sì fọ́ àwo fún túrísìtì, àwo ẹfun tí wọ́n dìídì ṣe kó tètè fọ́ ni, ẹ má lọ gbé àwo oúnjẹ onítọ̀hún fọ́ mọ́ ọn lórí ilẹ̀ o.

Oúnjẹ ńkọ́? Ó dáa, kò dùn tó ijó. Wọ́n á gbé tzatziki, ọbẹ̀ yọ́gọ́ọ̀tì oníkukúmbà, wá, wọ́n á gbé dolmades tí wọ́n fi ewé àjàrà dì, wọ́n á gbé wàràkàṣì díndín, ẹran lórí igi, moussaka tí wọ́n fi ìgbá àti ẹran lílọ̀ tò léra. Moussaka náà, ọbẹ̀ funfun oníwàrà tó wà lórí ẹ̀ yẹn, Nikolaos Tselementes, ọ̀gá alásè kan, ló sọ ọ́ di bó ṣe rí lónìí láàárín àwọn ọdún 1920, ẹ rí i pé sirtaki ní ẹ̀gbọ́n lórí tábìlì. Wọ́n á bu ouzo, ọtí líle wọn, tí o bá bomi sí i á funfun bíi wàrà, ẹ rọra mu ún. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jókòó bóyá wáìnì wà nínú owó tẹ́ ẹ san tàbí ó yàtọ̀, búrẹ́dì tí wọ́n gbé wá láì jẹ́ pé ẹ béèrè sábà máa ń wà nínú owó ìkẹyìn, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ sì gba rìsíìtì. Òfin Gíríìsì ló ní kí wọ́n kọ ọ́ síbi tójú ti máa rí i pé oníbàárà ò ní láti sanwó tí wọn ò bá fún un ní rìsíìtì, nígbà tí ibi tí mo wà ń fi yúrò tí mi ò mọ̀dí kún owó mi, bí mo ṣe ní kí wọ́n tẹ rìsíìtì báyìí ni yúrò yẹn pòórá.

Ẹni tó bá wá fẹ́ rí ijó yìí láì sí ariwo ṣíbí, ibì kan wà tí ẹ ò dárúkọ rárá. Dora Stratou, obìnrin tó rìn káàkiri abúlé láti kó ijó àti orin jọ, ló dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀ ní 1953, ìtàgé wọn wà ní gbangba lórí òkè Philopappou, kò jìnnà sí Plaka. Aṣọ abúlé tí wọ́n kó pa mọ́ síbẹ̀ lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ làwọn ara abúlé fọwọ́ hun fúnra wọn, òun làwọn oníjó sì ń wọ̀ jó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é. Clarinet wà, lyra wà, gaida, fèrè alápò tí wọ́n fi awọ ewúrẹ́ ṣe, wà. Oúnjẹ nìkan ni ò sí, ṣùgbọ́n aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì jẹ́ àsìkò oúnjẹ lọ́dọ̀ wọn, ẹ lè rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹun ní Plaka tó bá parí.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ijó kọ̀ọ̀kan sábẹ́ fọ́tò ẹ̀. Fọ́tò kejì tí ẹ gbé sójú ìwé, èyí tí ọkùnrin ti di aṣọ ìnujú mú tó fẹ̀yìn sílẹ̀ yẹn, tsamiko ni, kì í ṣe sirtaki.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Áténì