Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pín kiri

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn ni mo máa ń ka ìwé ìròyìn yín, torí náà ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú èyí tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, lójú ewé ìlera, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ìpínkiri ẹ̀jẹ̀", mo sì mọ̀ pé sákúléṣọ̀n (circulation lédè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nínú ara) lẹ fẹ́ túmọ̀. Mo ṣí ewé kejì, ẹ tún ń sọ̀rọ̀ nípa iye ìwé ìròyìn tó ń dé ọwọ́ àwọn èèyàn, ẹ tún pe ìyẹn náà ní "ìpínkiri". Ti ìwé ìròyìn dáa, mi ò ní ẹjọ́ kankan níbẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ yẹn ni mi ò lè gbà.

Ṣé ẹ rí i, ohun téèyàn bá pín kiri, ó ti lọ nìyẹn, ẹni tó gbà á ló ni ín. Ẹ̀jẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, ibi tó ti gbéra ló ń padà sí. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé àṣìṣe yìí gan-an làwọn oníṣègùn ṣe fún nǹkan bí 1,400 ọdún. Galen, oníṣègùn ayé àwọn Róòmù, ló kọ́ wọn pé ẹ̀dọ̀ ló ń fi oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á lọ káàkiri ara, ara á lò ó tán, ẹ̀dọ̀ á tún ṣe òmíì. Ìpínkiri gidi nìyẹn! Ìgbà tó di 1628 ni William Harvey, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé jáde pé kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, ìṣirò ló sì fi gbé e, ó wo iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde tó bá lù lẹ́ẹ̀kan, ó wo iye ìgbà tó ń lù ní ìdajì wákàtí, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún á ju gbogbo èyí tó wà lára èèyàn lọ, oúnjẹ wo lèèyàn fẹ́ jẹ tó máa di ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó yẹn? Àfi kó jẹ́ pé èyí tó lọ náà ló ń bọ̀. Lónìí a mọ̀ pé nǹkan bíi líta 5 ẹ̀jẹ̀ ló wà lára àgbàlagbà, ọkàn ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sì ń ti nǹkan bíi líta 5 jáde ní ìṣẹ́jú kan. (Kí n má gbàgbé o, Ibn al-Nafis tí wọ́n bí ní Damásíkù ti sọ ọ́ ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú Harvey pé inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀jẹ̀ ń gbà láti apá ọ̀tún ọkàn bọ́ sí apá òsì, wọn kì í sábà dárúkọ ẹ̀.)

Ẹ lè rí i lára ọwọ́ yín. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ kí iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ yọ dáadáa, ẹ fi ìka kan tẹ iṣan náà mọ́lẹ̀ nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi ìka míì ti ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ lọ sápá ọrùn ọwọ́. Ẹ gbé ìka kejì yẹn kúrò, ẹ máa rí i pé iṣan ọ̀hún ṣì pẹlẹbẹ, ẹ̀jẹ̀ ò ní padà sísàlẹ̀, torí ọ̀nà ọkàn nìkan ló ń gbà padà lọ. Tẹ́ ẹ bá wá gbé ìka àkọ́kọ́, á kún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan mi torí màmá mi. Dókítà sọ pé sákúléṣọ̀n ẹsẹ̀ wọn ò dáa, nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ wá ní "ẹ̀jẹ̀ ò tó lẹ́sẹ̀ yín", bí màmá ṣe ń mu oògùn tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀ nìyẹn, odidi oṣù méjì, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn pé, ojú ọ̀nà tó ń gbà ló há. Ká ní ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ò rí ọ̀nà yí dáadáa ni, wọn ì bá ti lóye.

Látìn ni ọ̀rọ̀ sákúléṣọ̀n yẹn ti wá, òbíríkítí ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ó ti rìn jìnnà débi pé àwọn ohun tí kì í padà náà ti ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Ìwé ìròyìn kì í padà. Kì í ṣe iye tẹ́ ẹ tẹ̀ ni wọ́n ń pè ní sákúléṣọ̀n ẹ̀, kì í sì í ṣe iye ẹni tó kà á, torí ìwé kan lè gba ọwọ́ èèyàn mẹ́fà, iye tó dé ọwọ́ aráyé ni, òun náà ló sì fa ìjà láàárín àwọn oníwèé ìròyìn àtàwọn tó ń polówó ọjà débi tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ tó ń yẹ iye náà wò sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1914. Owó ńkọ́? Òun ń ti ọwọ́ bọ́ sọ́wọ́, kò dandan kó padà sọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ná an. Owó téèyàn kó pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, báǹkì ìjọba ṣì ń kà á mọ́ owó tó wà lóde, bẹ́ẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ìyẹn lèmi ṣe fẹ́ "owó tó wà lóde" ju "owó tó ń yí" lọ. Ti àhesọ, ó ń tàn kálẹ̀, kò lejọ́ nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, nínú èyí tó ń bọ̀, ẹ bá wa kọ ọ́ ní "ìyípo ẹ̀jẹ̀". Sákúléṣọ̀n ti láíbìrì ni mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún, ìwé á jáde, á padà, á tún bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, "yíyá" sọ ìdajì ẹ̀ ni. Òǹkàwé tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni òǹkàwé yín